Ọjọ́ Tí Jàmíù Jó Ọ̀bẹ

Láti kékeré ni Sẹ̀gilọlá ti ń fi èédú ya ewúrẹ́ sára ògiri ilé bàbá rẹ̀ ní Kambolé. Wọ́n á nà án, á sunkún, á tún yà á. Nígbà tó dàgbà tó bá ọkọ lọ sí Sokodé, èédú náà ló di iṣẹ́. Òun ló ń ya orí sára ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, òun ló ń ya ẹja fún àwọn ẹlẹ́ja. Ìgbà tí ilé ìkàwé kan wá ní kó ya gbogbo ọ̀sẹ̀ àṣà ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe láti ìlú dé ìlú fún àwọn, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ayọ̀ yẹn ò tíì balẹ̀ tí Jàmíù, ọkọ rẹ̀, fi sọ pé òun máa jó ọ̀bẹ.

Ọmọ ẹ̀yà Tem ti Sokodé ni Jàmíù, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémi ló fi ń gbé èrò. Ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ náà ń parí, àwọn ọkùnrin wọn a mu àgbo, wọn a bọ́ sí agbo, wọn a máa fi ọ̀bẹ ṣá ara wọn. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í wọlé. Bàbá Jàmíù ń jó o lọ́dọọdún títí ọjọ́ ogbó fi mú un lọ, ọmọ ló wá kàn.

Kambolé ni ọ̀sẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi ọdún iṣu tuntun. Sẹ̀gilọlá jókòó sórí àpótí, ó ń ya àwọn obìnrin tó ń gúnyán. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá bá a, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sọ fún ọkọ rẹ kó má jó o."

"Mo ti sọ fún un, Màámi. Ó ní ṣé kí orúkọ bàbá òun parẹ́ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kì í jáde lára orúkọ. Ara ọmọ ènìyàn ni mò ń wí."

Sẹ̀gilọlá ti abọ́ iyán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún mú èédú.

Ní Tchamba, ẹṣin ni wọ́n gùn. Eruku bo bébà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin jáde dáadáa. Ojú àwọn tó gùn wọ́n ni kò ṣeé yà: èyí tó bá fọwọ́ kàn, ojú Jàmíù ló ń dà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n rẹ́.

Ọjọ́ ọ̀bẹ pé ní Sokodé. Sèínábù, ìyá Jàmíù, dúró ti Sẹ̀gilọlá, ó ń wo ilẹ̀. Jàmíù wọ agbo, fìlà funfun lórí, àyà lásán. Sẹ̀gilọlá tẹ orí ba bébà, ó ń ya agbòòrùn àwọn obìnrin, ó ń ya àwọn tó gun ògiri wòran. Ó ya ohun gbogbo àfi agbo.

Lójijì, ariwo sọ. Wọ́n ń gbé ẹnìkan jáde, fìlà funfun, ẹ̀jẹ̀ lápá.

Èédú dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi èjìká la èrò kọjá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Kì í ṣe Jàmíù. Ọkùnrin mìíràn ni, wọ́n ń fi aṣọ di apá rẹ̀, ó ń sọ pé ọgbẹ́ náà ò jìn, kí wọ́n jẹ́ kí òun padà.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. "Ta lò ń wá?"

Jàmíù ni, òógùn bò ó. Sẹ̀gilọlá dì í mú. Ó ń fọwọ́ ra á lápá, láyà, níkùn, lójú gbogbo ayé.

"Kò sí nǹkan kan."

"Yípadà, jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn rẹ."

Ẹ̀yìn náà dán gbinrin. Sẹ̀gilọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Sèínábù bá wọn níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, ẹ̀yin ò tiẹ̀ bẹ̀rù?" Sẹ̀gilọlá bi í.

"Èmi? Gbogbo ọdún tí bàbá wọn fi jó, ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń wò. Ẹsẹ̀ mi náà ni mo wò lónìí."

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Bí mo bá lanu, ẹkún ló máa jáde."

Nígbà tí wọ́n délé, Jàmíù jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà bí ẹni tó ti oko dé, ó sùn sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Sẹ̀gilọlá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Kò fara pa, Màámi."

"Ọlọ́run ṣeun! Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹ tòní ná."

Ó mú bébà tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń hanrun, ẹnu là sílẹ̀, ẹyọ ìrẹsì kan lẹ́bàá ètè. Ilé ìkàwé ò ní rí ìyẹn gbà.