Àwọ̀ Ṣẹ́ẹ̀tì Ọkọ Mi

Ọmọ mi obìnrin ló jó ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní òun fẹ́ bá mi lọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná jù, pọ́lísítà ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Ká tó ṣẹ́jú, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ ti yọ́ mọ́ irin. Mo pariwo mọ́ ọn débi tí ará ilé kejì fi wá kanlẹ̀kùn. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ mi ti kú, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo máa ń tẹ́ sórí ìrọ̀rí kí oorun tó lè kùn mí.

"Màmi, ẹ jẹ́ kí n ra òmíì fún yín."

"Níbo? Ta ló ń tà á?"

Kò sẹ́ni tó ń tà á. Àwọ̀ àlùkò tó ṣú, tó fà sí eérú ni. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń pa aṣọ láró ló ti jáde, àlùkò títàn ló sì yẹ kó jẹ́. Ọkọ mi jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé òun ló ṣi àwọ̀ wọ̀n. Wọ́n lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kó máa gbé aṣọ tó bà jẹ́ náà lọ. Ló bá fi rán ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tá a fẹ́ra tán, mi ò jẹ́ kó sinmi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìwọ̀n." Ẹ̀rín ló máa ń rín.

Iṣẹ́ kan náà lèmi náà ń ṣe títí dòní, mo wá ní kí ló le nínú kí n pa irú àwọ̀ yẹn fúnra mi? Lẹ́yìn iṣẹ́, mo mú ìkòkò kékeré onídèérí líle. Mo pọn omi kànga ilé iṣẹ́, mo wọn àwọ̀, mo da ásíìdì sí i títí bébà tí a fi ń dán an wò fi sọ pé omi ti kan tó, mo wá se pọ́lísítà funfun kan sínú rẹ̀. Pọ́lísítà funfun náà jáde, ó ń tàn yanran. Mo dín àwọ̀ kù, ó ṣá. Mo fi kún un, ó ṣú lóòótọ́, àmọ́ kò ní eérú yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ju ṣíbí mọ́ ògiri. Inú olóògbé ń bí mi: kí lẹ wọ̀n gan-an?

Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì jíjó náà lọ bá Bàbá Aláwò, tó jẹ́ alábòójútó wa nígbà yẹn, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé.

"Ìyàwó, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àwọ̀. Omi rẹ̀ ni ò kan. Omi kànga wa yẹn, bí omi eérú ló rí. Bí o ò bá da ásíìdì sí i, á ti ba àwọ̀ jẹ́ kó tó wọnú aṣọ."

"Òun ní ìwọ̀n lòun ṣì."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ń da ásíìdì nígbà yẹn?"

Èmi ni. Oṣù kejì mi nìyẹn, wọ́n ṣì ń dán mi wò. Òṣìṣẹ́ tuntun tó bá ba ìkòkò àró kan péré jẹ́, ilé ló ń lọ.

"Mo rí kọ́ọ̀pù rẹ lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, ásíìdì kún inú ẹ̀ dẹ́nu, o gbàgbé láti dà á sómi. Ọkọ rẹ gbé e, ó dà á sí gọ́tà, ó bẹ̀ mí kí n má sọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo sè é láìda ásíìdì rárá. Àwọ̀ náà gan-an ló jáde. Mo gbá a mọ́ àyà bó ṣe ń ro tótó. Odidi ọdún méjìlélógún ni mo fi ń fi ọkùnrin yẹn ṣẹ̀fẹ̀! Mo kígbe pé, "Ẹ forí jì mí, Olówó orí mi." Ká ní ó lè dìde, kó bú mi, lẹ́ẹ̀kan péré.