Iná Ewé Lójú Ìyá Òkè

Iná náà dé ojú Ìyá Òkè kó tó mọ̀ pé iná ni. Nǹkan kan ṣáà tàn yòò bí ewé tuntun tí oòrùn là kọjá, ayé sì pòórá. Ilé tí wọ́n ń kọ́ pòórá. Ojú ọ̀run tí òjò ti ṣú sí dẹ̀dẹ̀ pòórá. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, tó wà lórí ọ̀pá tó fi ń darí kírénì, pòórá pẹ̀lú. Àwọ̀ ewé nìkan ló kù, ó sì ń gbọ̀n rìrì.

Ẹrù sì wà lẹ́nu ìkọ́. Ìdì irin gígùn, irú èyí tí wọ́n ń tò sínú òpó kí wọ́n tó da kankéré sí i, ń rọ̀ dirodiro lófuurufú, àwọn káfíńtà sì wà lórí àjà kẹta, wọ́n ń dúró dè é.

Ìyá Òkè fi ọ̀pá sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ṣe nìyẹn. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé ìbẹ̀rù a máa di èèyàn lọ́wọ́ mú, ọwọ́ a sì máa fa ohun tí kò yẹ kó fà. Bí a bá fi ọ̀pá náà sílẹ̀, yóò padà sáàárín fúnra rẹ̀, okùn irin kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń mì kì í ṣíwọ́ mímì nítorí pé a bẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé irin náà ń lọ, ó ń bọ̀. Kò kàn mọ ibi tó ń lọ ni.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omi ń dà pòròpòrò lójú Ìyá Òkè, kò sì rí imú ara rẹ̀.

Ó gbọ́ ariwo nísàlẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ké pé, "Ẹ sá! Ẹ kúrò níbẹ̀!" Lẹ́yìn náà ló gbọ́ gbàù. Irin ti kọlu pákó, pákó sì ti ṣẹ́.

Ojú rẹ̀ kò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Etí ohun gbogbo ló kọ́kọ́ yọ: etí dígí àgọ́ tó jókòó sí, etí ilé, etí àwọsánmà. Àárín ló kẹ́yìn, abàwọ́n dúdú kan sì jókòó síbẹ̀ tí kò fẹ́ dìde. Bó ṣe ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wo ẹ̀gbẹ́ abàwọ́n náà, ó rí i pé pákó tí àwọn káfíńtà ń dúró lé ti kán sí méjì. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ irin. Káfíńtà àgbà jókòó sílẹ̀ lórí àjà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn fún un ni.

Ìyá Òkè fara balẹ̀ gbé ẹrù náà sọ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa tí kò sí ẹ̀dá kankan, ó pa ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àkàsọ̀ náà gùn. Ojoojúmọ́ ni orúnkún rẹ̀ ń bá a jà lórí rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yìí, gbogbo ara ló dá sí ìjà náà.

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an níbi iṣẹ́ náà mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ gun kírénì, àwọn ọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin tó fẹ́ lọ kí àwọn ará ọ̀run rè é. Nígbà tó wá hàn pé ẹrù tó bá gbé kì í fara kan ògiri, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Òkè, yẹ̀yẹ́ sì di oríkì. Fọ́máànù tó ń darí iṣẹ́ nísàlẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n. Ẹni tó wà lókè kì í rí ẹ̀yìn ògiri. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a rí i.

Rédíò ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí òjò tó wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ ní òun ń ra òmíràn bọ̀. Ó ń rà á bọ̀ títí dòní. Ọ̀gá kan náà ló fẹ́ kí wọ́n bo ilé kí òjò tó wọlé tán, tó sì ti gbàgbé pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sùn. Ni Fọ́máànù bá lọ ra tọ́ọ̀ṣì léésà kan tí kò ju kálàmù lọ, tó ń ta iná tín-ín-rín aláwọ̀ ewé. Ibi tí àmì iná náà bá bà sí lára ilé, ibẹ̀ ni Ìyá Òkè ń gbé ẹrù lọ. Ìyá Òkè fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti máa wá ọwọ́ tí wọ́n ń jù fìrìfìrì nínú eruku.

Fọ́máànù ti dúró sídìí àkàsọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín?"

"Iná ẹ ló ṣe mí."

"Mi ò tàn án sí yín o! Kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe lójú yín? Ara òpó ni mo tàn án sí."

"Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó?"

Ìyá Òkè na ìka síbẹ̀. Láàárọ̀ ni àwọn oní-dígí dé, tí wọ́n fi dígí gbàgàdà àkọ́kọ́ sójú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń dán gbinrin lábẹ́ ojú ọjọ́ tó ṣú.

"Òun ló gbà á lọ́wọ́ ẹ, ó sì jù ú sí mi lókè."

"Iná tí ò tó nǹkan yìí?" Fọ́máànù la àtẹ́lẹwọ́, tọ́ọ̀ṣì náà sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé agbára rẹ̀ kéré. Ẹni tó tà á fún mi ní àwọn tíṣà ló ń fi í tọ́ka sí pátákó."

"Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

Káfíńtà àgbà, tí wọ́n ti mú sọ̀ kalẹ̀, rẹ́rìn-ín kan tí kò dénú. "Fọ́máànù, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni adìyẹ ọ̀hún."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Fọ́máànù bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé torí òjò ti ń kán. Ìyá Òkè náà fẹ́ máa lọ sílé. Ó fẹ́ da aṣọ borí, kó sì gbàgbé pé òun ní ojú. Àbúrò rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní bí wọn ò bá kọ́kọ́ yà nílé ìwòsàn ojú, òun ò ní í lè sùn. Wọ́n jọ lọ.

Ó ti ń rẹ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ náà. Ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan ra èkejì bó ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó ní kí Ìyá Òkè fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ọ̀kan, kó ka àwọn lẹ́tà tó wà lára pátákó. Ó kán oògùn sí i lójú, ó ní kó dúró díẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Fọ́máànù dúró ti ògiri ní gbogbo àkókò náà, ó di fìlà iṣẹ́ rẹ̀ mú níwájú bí ẹni tó wá gbọ́ ìdájọ́.

"Ẹ dúpẹ́, mà," nọ́ọ̀sì sọ nígbà tó yá. "Kò fi àpá sílẹ̀. Ó kàn kọjá lójú yín ni, ẹ sì tètè pa á dé. Ìpajúdé yẹn ló gbà yín."

"Ohun dúdú tó wà láàárín yìí ńkọ́?"

"Á lọ. Bí ẹ bá jí lọ́la tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà wá." Ó yíjú sí Fọ́máànù. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni tọ́ọ̀ṣì?"

Fọ́máànù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wò ó, bí ojú ọjọ́ bá ṣú báyìí, ọmọlójú a ṣí sílẹ̀ gbàgà, kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù lè ráyè wọlé. Iná yín náà á bá a wọlé. Bó bá jẹ́ ẹni tó jókòó sílé ni, á bú yín, á nu ojú, ó parí. Àmọ́ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, tàbí nídìí ẹ̀rọ tó gbé ẹrù dání, kì í ṣe ojú tiẹ̀ nìkan ni iná yẹn bà. Ẹ máa rí i pé kò sí dígí, kò sí omi, kò sí irin tó ń dán níbi tí ẹ bá tàn án sí, ẹ má sì jẹ́ kó ga dé ibi tí orí èèyàn wà. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára yẹn, ẹ má gbára lé e jù. Ìwé kì í parọ́, ẹni tó kọ ọ́ ló ń parọ́."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun."

"Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ ti yẹ ojú wò gbẹ̀yìn?"

"Èmi kẹ̀?" Fọ́máànù rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi tèmi sílẹ̀, ojú àṣá ni."

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Kò sí ìdí kan pàtó tó fi sọ ọ́, ju pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ àríyànjiyàn lọ.

Ó jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó gbé àyà sókè, ó sì ka àwọn lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ìyá Òkè ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tó ń kà. Ohun tí òun gan-an kà ni, lẹ́tà kan ò yẹ̀, títí dé ibi tí abàwọ́n dúdú ti mú kí òun kàn méfò pé O ni. Àbúrò rẹ̀ pe ìyẹn náà ní O.

Nọ́ọ̀sì kò wo Fọ́máànù. Ìyá Òkè ló wò.

"Ẹ ti kà á dáadáa, sà," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Àmọ́ mo ti yí pátákó padà kí ẹ tó jókòó."

Fọ́máànù kò gbé ọwọ́ kúrò lójú. Wọ́n ń gbọ́ òjò lórí páànù.

"Ó ti tó ìgbà wo?" Ìyá Òkè béèrè.

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Kí rédíò tó bàjẹ́." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Iná yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá dúró sójú kan, mo mọ̀ pé ògiri ni. Bó bá pòórá, mo mọ̀ pé àlàfo ni. Lónìí, ó pòórá níbi tó yẹ kí òpó wà. Mo wá ń fì í kiri, mo ń wá òpó."

Ìyá Òkè rántí bí àwọ̀ ewé náà ṣe ń gbọ̀n.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ wà lókè. Bí mo bá sọ pé mi ò ríran dáadáa mọ́, ta lẹ máa gbọ́kàn lé tí ẹ bá gbé ẹrù dání?"

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èyí tí Ìyá Òkè fi ń ṣọ́ orí àwọn ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló fi pamọ́ sí.

"Ṣé iná yẹn náà ló ba tiẹ̀ jẹ́ ni?" ó bi nọ́ọ̀sì.

"Rárá, mà. Èyí ti ń bọ̀ tipẹ́, kì í sì í dunni, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn tètè wá. Dókítà á rí i lọ́la. Ohun tó bá kù níbẹ̀, a máa gbìyànjú láti bá yín dá a dúró. Èyí tó ti lọ..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí wọ́n jáde, òjò ti dá, omi sì ti dárogún sójú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ọ̀gá," Fọ́máànù wí.

"Mi ò ní sọ. Ìwọ lo máa sọ, kí n tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀ ọ̀la."

"Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ ńkọ́?"

"Káfíńtà yẹn ò ní ọwọ́ míì nílé."

Wọ́n rìn díẹ̀ kó tó fèsì. "Màá sọ."

Ìyá Òkè wá ìbínú tó gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí kírénì, kò bá a níbì kankan mọ́. Àárẹ̀ ló bá níbẹ̀. Abàwọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣí, ó ti ń rí àárín ọ̀nà, ó sì ń wo ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, kò jìnnà ju ìdajì ẹsẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá a rìn bẹ́ẹ̀. Ìyá Òkè ti fi í yangàn fún àwọn aládùúgbò rí, pé ọmọ tí ìyá kọ́ rè é, tí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Ó yà fún omi tó dárogún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Fọ́máànù yà níbi kan náà, kò ṣáájú, kò sì pẹ́. Ìyá Òkè dúró lẹ́bàá títì. Fọ́máànù dúró. Ìyá Òkè bojú wẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ kò wo ọ̀nà, kò sì wo òun. Ó ti dẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, ó dẹ etí sí bàtà òun.

Wọ́n sọdá. Láti ibẹ̀ lọ, Ìyá Òkè kàn ń gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí bàtà lè máa dún.