Fáànù Mẹ́ta Bàbá Jemimah

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ẹni tó lè fi Ephraim Akíndé ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, Ephraim fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ bá. Ní Ìjòkó tó ń gbé, Bàbá Jemimah ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún méjìdínlógún ló fi tún ẹ̀rọ ṣe ní fákítìrì kan ní Ṣàngó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá kékeré kan nínú ilé rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ó lẹ fóòmù mọ́ ògiri kí ariwo ìta má baà wọlé. Kò rò ó pé ariwo lè ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀.

Tíṣà Olúwafúnmiláyọ̀ ló là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó wá ka ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n sì jọ gbọ́ ohun tí wọ́n gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń lọ ata lẹ́yìn mi?"

"Ata kẹ̀? Kọ̀ǹpútà ló ń mí; fáànù tó ń lé ooru kúrò nínú rẹ̀ lẹ gbọ́."

"Ṣé kò lè mí jẹ́jẹ́ ni? Àwọn ọmọ á rò pé ilé ìlọta ni mo ti ń kọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara. Òun tó ti tún fáànù tó ga ju ènìyàn lọ ṣe!

Lọ́jọ́ kejì, ó gba Ṣàngó lọ, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ruqoyah, ìyá Al-Ameen, tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tó sì ń tún un ṣe. Obìnrin náà gbé fáànù méjì sílẹ̀, fífẹ̀, dúdú, aláìlọ́ṣọ̀ọ́.

"Bàbá, èyí ni kí ẹ mú. Ó fẹ̀, kò sì nílò eré sísá. Àwọn kéékèèké ló ń sáré kiri tí wọ́n ń pariwo."

Bàbá Jemimah rẹ́rìn-ín àgbà. "Ìyá Al-Ameen, mo ti ń bá fáànù ṣe kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí. Fáànù tí kò sáré, iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe?"

Ó nawọ́ sí mẹ́ta kéékèèké tí iná aláràbarà ń tàn lára wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí wọn pé kò sí ẹgbẹ́ wọn nínú eré. Obìnrin náà kò jiyàn.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tò ó, sà."

"Rárá o! Síkúrù rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún mi."

Ó délé, ó de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ àpótí kọ̀ǹpútà, ó tan án. Iná pupa, iná búlúù, gbogbo inú àpótí ń kọ mànà. Ariwo tẹ́lẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìlọta. Ti báyìí dà bí bàálù tó fẹ́ gbéra. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé titun ló ń ṣe wọ́n, ó sì pe Tíṣà. Tíṣà kò tíì ka ojú ìwé kẹta tán tí kọ̀ǹpútà fi kú. Tíṣà gbé ọwọ́ lé àpótí náà, ó sì fa ọwọ́ kúrò wàràwàrà.

"Sà, ẹyin máa jinná lórí nǹkan yìí o."

Bàbá Jemimah gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó padà sí Ṣàngó, ó ń hun irọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá Al-Ameen kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó mú bébà pélébé kan, ó gbé e sún mọ́ fáànù kọ̀ọ̀kan láti ìta. Gbogbo wọn ló fa bébà náà mọ́ra.

"Èyí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Èyí ń fà á wọlé. Ti ẹ̀yìn náà ń fà á wọlé. Bàbá, ta ló wá ń lé ooru jáde?"

Iṣẹ́ Bàbá Jemimah gan-an ní fákítìrì nìyẹn: kí ooru má baà há sínú ilé. Òun ló máa ń bú àwọn tó bá kó páálí dí ojú fèrèsé.

"Ìyá Al-Ameen," ó ní, "mo ti múra láti sọ fún yín pé iná mànàmáná ló bà á jẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó tú àwọn kéékèèké kúrò, ó gbọn eruku dànù, ó de àwọn fáànù fífẹ̀ méjì náà: ti iwájú ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ti ẹ̀yìn ń ti gbígbóná jáde. Ó fi rọ́bà sábẹ́ síkúrù wọn kí wọ́n má baà máa gbọ̀n, ó sì ṣètò wọn kí wọ́n máa yí pẹ̀lẹ́, àfi bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ó tan án. Bàbá Jemimah dúró, kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ẹ má pa á o! Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Ní Sátidé, Tíṣà kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ̀ǹpútà kò kú, kò sì gbóná. Bàbá Jemimah fi íápíìsì sétí láti gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, títí ó fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń kùn lábẹ́ ohùn Tíṣà: "Ẹ̀hẹ́n... ó dáa... m̀ḿ..."

"Ta nìyẹn?"

Tíṣà wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ti ń ṣe é tipẹ́. Ariwo fáànù ló ń bò ó mọ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ohùn sílẹ̀, Bàbá Jemimah á tan ẹ̀rọ, á pa ilẹ̀kùn dé, á sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti lè kùn bó ṣe wù ú.