Ọjọ́ Tí Sàfúrátù Wo Ọ̀pá Àṣẹ

Sàfúrátù, ìyá Láwàlì, kì í pẹ́ dé ibikíbi. Lọ́jọ́ ìdìbò ọdún 1979, kí wọ́n tó gbé àpótí ìdìbò sílẹ̀ ló ti wà lórí ìlà. Nítorí náà, nígbà tó di àárọ̀ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1981, òun ló kọ́kọ́ jókòó sí àyè àwọn òǹwòran nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abẹ́òkúta. Ó ró aṣọ tó fi ń lọ sí yídì, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì rẹ̀ bọ̀ láti Ọ̀fàdà.

Ọmọ rẹ̀ ló wá wò. Láwàlì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n igbákejì ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń gbé ọ̀pá àṣẹ wọlé níwájú olórí ilé. Ibà wá dá ọ̀gá náà gúnlẹ̀, wọ́n sì ní Láwàlì ni yóò gbé e lónìí, lónìí nìkan.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí," ló wí lánàá.

Ó nídìí tó fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Ewékorò, tó ní ilé ìgbìmọ̀ lòun ń lọ, Sàfúrátù kò kó ẹnu rẹ̀ níjàánu. "Iṣẹ́ wo nìyẹn? Kóo máa ru igi káàkiri fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀?" Ọ̀rọ̀ náà wọ Láwàlì lára, kò sì tíì jáde. Sàfúrátù mọ̀. Kì í ṣe irú obìnrin tó ń bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n aṣọ yídì tó ró wá yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni.

Tíṣà kan tí wọ́n ń pè ní Mísì Beatrice kó àwọn ọmọbìnrin iléèwé rẹ̀ wá jókòó tì í. Ó ń kọ́ wọn ní àwọn àmì ìjọba.

"Kí lẹ rí lára ògiri yẹn?"

"Ẹyẹ idì pupa àti ẹṣin funfun méjì, mà!"

"Idì dúró fún agbára, ẹṣin dúró fún iyì."

Sàfúrátù ń bá wọn gbọ́ ọ. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé ẹnu ọ̀nà.

Lójijì, ọkùnrin kan lọgun pé olórí ilé ń bọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́ wẹ́lo. Ilẹ̀kùn ṣí, orí ọ̀pá kan yọ, ó ń kọ mànà.

Sàfúrátù kò dúró ronú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Aké ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé bí ọkùnrin bá ké, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, obìnrin kì í wo ohun tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Orò, inú iyàrá ni ìyá rẹ̀ ń kó wọn sí, fèrèsé á ti tì, síbẹ̀ á tún fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n lójú. Mùsùlùmí ni wọ́n o, wọn kì í jẹ́ kí ìrun kan fò wọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ń bá Orò jiyàn? Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó fa ìborùn bo ojú, ó sì ká kò sórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí Mísì Beatrice fi máa tọ́ ọ léjìká, ọ̀pá ti wà lórí tábìlì. Láwàlì ti lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ le koko. Ó ti rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé?" ni Mísì Beatrice bi í.

"Àwọn ọkùnrin ń gbé nǹkan wọn kọjá, ṣé kí n máa wò ó ni?"

"Háà! Kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin o. Bí ọ̀pá yẹn ò bá sí níbẹ̀, wọn ò lè ṣòfin kankan. Ariwo lásán ni wọ́n á máa pa."

"Ta ló wá ni ín?"

"Ṣé ẹ dìbò?"

"Mo dìbò! Ọjọ́ mẹ́rin ni tàdáwà fi wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ ni ín nìyẹn. Àṣẹ tẹ́ ẹ fún wọn lọmọkùnrin yẹn gbé wọlé."

Sàfúrátù nàka sí Láwàlì. "Ọmọ mi nìyẹn. Òní nìkan ló máa gbé e. Mo sì kẹ̀yìn sí i, á rò pé mo ṣì ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ẹ̀."

"Wọ́n á tún gbé e jáde, Ìyá. Ẹ fara balẹ̀."

Ó fara balẹ̀. Aṣòfin kan dìde, ó ń sọ̀rọ̀ lórí afárá kan tó já lọ́nà Kọ́bapẹ́, àfi bí ẹni pé òun ló bí ọ̀nà náà. Sàfúrátù na etí. Ọ̀nà tí ìrẹsì rẹ̀ ń gbà bọ̀ láti Ọ̀fàdà nìyẹn! Nígbà tí wọ́n dìbò pé kí ìjọba tún un ṣe, ó wo ọ̀pá tó sùn sórí tábìlì, orí rẹ̀ wú. Iṣẹ́ tó pè ní igi rírù rèé.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ lọgun tún ké pé olórí ilé ń jáde lọ. Gbogbo èèyàn dìde. Sàfúrátù tún fẹ́ kẹ̀yìn sí i, ohun tó ti mọ́ ọn lára láti kékeré kúkú nìyẹn. Ó yọ ìborùn lọ́rùn, ó tì í sọ́wọ́ Mísì Beatrice.

"Bá mi mú un dání. Má fún mi o, bí mo tilẹ̀ bèèrè."

Láwàlì ń bọ̀, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, ọ̀pá àṣẹ léjìká. Bó ṣe ń kọjá ni gbogbo èèyàn ń tẹríba. Sàfúrátù nìkan ló nàró gbọnrangandan, ó la ojú sílẹ̀ kedere, omi ń dà lójú ọ̀hún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Láwàlì pé kò gbọdọ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilé tú, Láwàlì bá a níta.

"Ìyá, nígbà tí mo wọlé, ẹ kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí mo ń jáde, gbogbo ilé tẹríba, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tẹríba."

"Nígbà tóo wọlé, mo rò pé ohun tóbìnrin ò gbọdọ̀ wò ni. Wọ́n ti sọ fún mi pé tèmi ni."

"Ẹ ò ṣe wá bá wọn tẹríba fún un?"

"Láwàlì, bí mo bá tẹríba, báwo ni mo ṣe máa rí ọ?"

Láwàlì bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀, lójú gbogbo àwọn aṣòfin.