Orí Ńlá Ìyá Ara Ògiri

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń fọ abọ́, kó fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro, kó nà án, àyè ń bẹ lórí ẹní. Ìtàn tí mo gbé wá kò gùn, àmọ́ ó dùn, orin sì wà nínú rẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ológbò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí òrùlé tí kì í gùn. Àwòrán tí àwọn akunlé ń kùn sára ògiri ìgboro ló fẹ́ràn jù láti máa yà, kì í sì í yà á bí ẹni ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Bó bá rí omi òjò tó dúró nínú kòtò, òjìji àwòrán inú omi ni yóò yà. Bí ẹnì kan bá ń kọjá, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn," ìwo àgbọ̀nrín ara ògiri á sì hù lórí ẹni ẹlẹ́ni nínú fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Ọlọ́dà, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń wo nǹkan. Ọ̀gá akunlé ni bàbá náà, àmọ́ ìbàdí ti dá a jókòó sí yàrá òkè. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni àwòrán ìyá tó bí i lọ́mọ, tó kùn sára ògiri gíga kan nítòsí ibùdókọ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ló wá di ẹ̀sín. Orí ìyá náà tóbi bíi táńkì omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ń-rín bí igi ìṣáná. Àwọn kan á dúró lójú títì, wọ́n á ní, "Ojú bàbá ti lọ." Àwọn mìíràn á ní, "Ojú kọ́, ọtí ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá. Ìgbà tó wá gbọ́ pé onílé fẹ́ rẹ́ ògiri náà lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí Ológbò.

"Ọmọ mi, bá mi ya ìyá mi kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Yà á bó ṣe yẹ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rín nìkan ni yóò kù nídìí iṣẹ́ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá."

Ológbò gun òrùlé ilé tó kọjú sí ògiri, ó yà á. Orí táńkì. Ó yá àkàbà, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ìṣáná. Ó dojúbolẹ̀ lódìkejì títì, kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ìka rẹ̀. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Ó gbé kámẹ́rà padà sí yàrá òkè. Bàbá wo fọ́tò, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

"Ibo lo dúró sí?"

"Òkè òrùlé ni, Bàbá."

"Kí lò ń wá lókè òrùlé? Ṣé ológbò ni mo kùn ún fún ni?"

"Ohun tí wọ́n kúkú ń pè mí nìyẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ṣé aránbàtà ò fún ọ láyè jókòó ni?"

"Aránbàtà wo?"

"Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ abẹ́ ògiri. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo ti ń wo iṣẹ́ náà. Bí mo bá kùn díẹ̀, màá sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó, màá gbórí sókè wò ó. Àwọn tó ń dúró de bàtà wọn ni mo ṣe é fún, kí wọ́n lè rí nǹkan wò."

"Háà, Bàbá. Aránbàtà ti kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá. Pákó àti táyà ló kún kọ̀rọ̀ yẹn báyìí."

Bàbá dá kámẹ́rà padà fún un. Látìgbà tó ti wà lókè, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bẹ́ǹṣì ti kúrò níbẹ̀.

Ológbò ò dúró jẹun. Ó bá aránbàtà nídìí iṣẹ́, ìṣó lẹ́nu.

"Bọ̀dá, bẹ́ǹṣì yín àtijọ́ dà?"

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Òun ni mo jókòó lé yìí. Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Mo fẹ́ yá a ni. Ẹ̀yin náà, mo fẹ́ yá yín."

"Èmi wọ́n ju bẹ́ǹṣì lọ o." Àmọ́ ó ti ń dìde bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n kó pákó, wọ́n yí táyà kúrò. Ojú ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣì jin sílẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ihò rẹ̀ bí ẹni dá eyín padà sẹ́nu. Ológbò jókòó, ó gbórí sókè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, orí táńkì ti lọ. Òkè tó jìn ti sọ ọ́ di orí èèyàn, ẹsẹ̀ ìṣáná sì ti lẹ́ran lára nítorí ìtòsí. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì wá sísàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá ọmọ so okùn bàtà.

Ológbò wò ó títí kó tó rántí kámẹ́rà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tú okùn bàtà ara rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì yà á: bàtà nísàlẹ̀, ọwọ́ ìyá lókè rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń sọ pé ọtí ni gbórí sókè, kò sì tètè gbé e wálẹ̀.

"Ọtí kọ́," ló wí.

"Mo ṣáà ti ní ojú ni," ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáhùn.

"Ojú ni lóòótọ́. Ojú tiyín."

Aránbàtà bá dá orin, wọ́n ń gbè é:

*Ẹni ìdúró, ẹ wá jókòó,*
*Jókòó o, jókòó.*
*Orí tó tóbi kò tóbi mọ́,*
*Jókòó o, jókòó.*
*Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ọmọ,*
*Jókòó o, jókòó.*

Ológbò tẹ fọ́tò náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e lọ sókè. Bàbá fi ìka tọ ojú ìyá rẹ̀, ó tọ ọwọ́, ó dé ibi bàtà, ó dúró.

"Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn," ló wí.

Ológbò fẹ́ fi ìṣó kọ́ ọ sókè ògiri, bàbá ní, "Gbé e wálẹ̀. Fi sí ọ̀kánkán ẹni tó jókòó."

Ìyàwó aránbàtà gbé ìkòkò ìrẹsì gbígbóná gun àtẹ̀gùn, àwọn ará àdúgbò tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wọlé tó dúró, wọ́n á ní kó jókòó kó tó kí ìyá. Onílé rẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, àmọ́ sìmẹ́ǹtì ò mọ ọ̀nà yàrá òkè.

Gbogbo wọn jẹ, wọ́n yó, wọ́n fi orin sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Bàbá Ọlọ́dà nìkan ni kò lọ síbì kankan. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó.