Ẹ Má Bomi Rin Ín Mọ́

4.

…torí náà ni mo ṣe bomi rin ín. Ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n, mo sì rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ìtàkùn Màámi ni, èyí tó wà nínú ìkòkò lójú fèrèsé ilé ìdáná. Wọ́n gé e lára èyí tó gun ògiri níta, wọ́n fọwọ́ ara wọn rì í, kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀.

Wọ́n ti lọ báyìí. Ilé wà. Ìtàkùn wà.

5.

OHUN TÍ MÀÁMI MÁA Ń SỌ NÍPA ÌTÀKÙN
(bí mo ṣe rántí)

Tinú ilé: ìmọ́lẹ̀ ni kó rí, kì í ṣe oòrùn gangan. Ẹ máa nu eruku ara ewé rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí.

Tìta: ẹ máa gé orí rẹ̀ kó má baà wọ òrùlé.

Omi:

5 (àtúnṣe).

Mi ò rántí ti omi.

6.

ÀGBÀLÁ, Ọ̀SÁN

BÍRÍKÌLÀ: Bàbá, ẹ wo ibí. Ìtàkùn yìí ti ki ẹsẹ̀ bọ àárín búlọ́ọ̀kù.

BÀBÁ: Ìyàwó mi ló gbìn ín.

BÍRÍKÌLÀ: Mo mọ̀, sà. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, ògiri yìí máa wá kí yín nínú yàrá.

BÀBÁ: Ṣé o ò lè tún un ṣe láìgé e ni?

BÍRÍKÌLÀ: Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ó ti lanu, Bàbá.

ÈMI: Ẹ gé e. Tinú ilé ṣì wà.

7.

Tinú ilé ṣì wà.

8.

Bíríkìlà fà á já láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ń dún bí aṣọ tó ń ya. Bàbá ló di àkàbà mú fún un. Ẹsẹ̀ ìtàkùn náà ṣẹ́ kù sára ògiri, wínníwínní, wọ́n sì rẹ́ símẹ́ǹtì lé e.

Àbúrò mi obìnrin ní òun fẹ́ lọ dùbúlẹ̀. Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́. Mo dúró dè é títí, kò bàjẹ́. Mo gbálẹ̀.

9.

ÀWÙJỌ "ILÉ WA", LÓRÍ FÓÒNÙ

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ewé inú ìkòkò tún ti jábọ́ o

ÈMI: Òùngbẹ ni

ÀBÚRÒ: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀

BÀBÁ: (ti kà á)

MÀÁMI:

Wọ́n ṣì wà nínú àwùjọ náà. Kò sẹ́ni tó yọ wọ́n.

10.

ṢỌ́Ọ̀BÙ OLÓDÒDÓ

OLÓDÒDÓ: (ó ki ìka bọ erùpẹ̀) Hàà! Èyí ti di ẹrẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà. Omi ló ń pa á.

ÈMI: Òùngbẹ kọ́?

OLÓDÒDÓ: Òùngbẹ kẹ̀? Àbí ẹja lẹ fẹ́ sìn níbẹ̀ ni? Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Ẹ ti wá ọ̀tá fún un.

ÈMI: Kọ́ọ̀bù kan ni mo ń bù sí i lálaalẹ́.

OLÓDÒDÓ: Ìyẹn náà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan kọ́ ló ṣe èyí. Ẹ gé ẹ̀ka tuntun lára èyí tẹ́ ẹ ti gé e, kẹ́ ẹ tún òmíràn rì.

ÈMI: A ti gé tìta.

OLÓDÒDÓ: Gbogbo ẹ̀?

ÈMI: Gbogbo ẹ̀.

OLÓDÒDÓ: Á jẹ́ pé èyí nìkan ló kù fún yín. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ ẹ̀ gbẹ. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn ará ilé yín sọ̀rọ̀.

11.

Ó ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo lọ ra kálámù pupa.

12.

(Èmi ni mo kọ èyí lórúkọ wọn. Wọn ò sọ ọ́ fún mi.)

BÀBÁ: Nígbà tí ìyá yín kò lè jẹun mọ́, èmi ni mo ń fún un lómi láàárọ̀. Ṣíbí kan, mo dúró, ṣíbí kan.

ÀBÚRÒ: Èmi ni mo ń fún wọn lómi ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mi ò tiẹ̀ ń bọ́ bàtà.

ÈMI: Alẹ́ ni tèmi.

13.

ÀKÍYÈSÍ

Ẹ MÁ BOMI RIN ÌTÀKÙN YÌÍ MỌ́.
OMI LÓ Ń PA Á.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkòkò náà. A jókòó jẹun. Bàbá ní oúnjẹ dùn. Àbúrò mi náà ní ó dùn. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

14.

ÀKÍY   SÍ

Ẹ MÁ B      RIN
            YÌÍ MỌ́.
O

15.

ILÉ ÌDÁNÁ, ÀÁRỌ̀

ÈMI: Bàbá, ìwé yìí ti rin fómi.

BÀBÁ: Mo rí i.

ÈMI: Ṣé ẹ kà á?

BÀBÁ: Mo kà á.

ÈMI: Ẹ wá…

BÀBÁ: Kí ni kí n wá máa fi àárọ̀ ṣe?

16.

Àbúrò mi ti dé. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí dé ilé ìdáná, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ṣí. Ó yẹ kí n pè é. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ọ̀bù tèmi wà lọ́wọ́ mi, mo ń dúró kó kúrò níbẹ̀ kó lè kàn mí.