Gbohùngbohùn Kì í Gbọ́rọ̀ Parí

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè! Ẹ yọ àyà síta! Ó yá, kí ẹ sọ ọ́ tagbáratagbára: 'Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ!'"

Àwọn obìnrin inú yàrá náà gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n sọ ọ́. Olùkọ́ tí ilé iṣẹ́ omi sanwó fún pé kó wá kọ́ àwọn obìnrin wọn bí a ti ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù wá mi orí rẹ̀, ó ní ohùn wọn ò tíì jáde. Ọkùnrin ni. Láti àárọ̀ tó ti dé, kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ gbólóhùn kan tí kì í ṣe òun ló fi í sí i lẹ́nu.

Dókítà Omi wà ní ìlà ẹ̀yìn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ pálọ̀. Kì í ṣe dókítà o. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn, nítorí òun ni onímọ̀ tó ń yẹ omi wò kó tó lọ sílé àwọn èèyàn. Ní òdìkejì ògiri pákó tó fara tì, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ pinnu bóyá kí wọ́n ṣí táǹkì tuntun sí adúgbò òkè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìpàdé tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, wọ́n wá ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Orí àwọn ọ̀gá mà pé o!

"Àbúrò mi, má da ara ẹ láàmú," Gbohùngbohùn ti sọ fún un lánàá. "Màá bá ẹ sọ ọ́ fún Ọ̀gá Àgbà."

Ẹnjiníà ni Gbohùngbohùn, àwọn obìnrin ló sì fún un lórúkọ yẹn. Kò sí ohun tí obìnrin máa sọ nínú ìpàdé tí kò ní tún un sọ, pẹ̀lú ohùn tó ń mi fèrèsé, tí wọn á sì máa kan sáárá sí i. Àbúrò mi ló ń pe Dókítà Omi, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ló júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Olè ọ̀rọ̀ ni, kò sì tún ní sùúrù olè gidi. Tó bá ti gbọ́ ìdajì tó dùn, ó ti gbé e sá lọ.

Dókítà Omi náà ò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "ẹ má bínú o" ṣáájú, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iná. Kó tó bẹ̀bẹ̀ tán, wọ́n á ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ má bínú o," ó ti sọ lánàá, "mítà tó ń wọn oògùn apakòkòrò nínú táǹkì yẹn, mítà ò parọ́ …"

Gbohùngbohùn mirí, ó yíjú sí fóònù rẹ̀, ó ń lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́ ìyókù: pé ibi tí wọ́n gbé mítà sí ni kò dáa, pé ẹnu ibi tí oògùn ti ń wọlé ló wà. Ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ da iyọ̀ sí, kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò. Omi tó wà ní ìpẹ̀kun táǹkì, tí àwọn èèyàn máa mu, oògùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àbúrò gidi tí Dókítà Omi ní ń gbé ní adúgbò òkè, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ti pè láàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, omi á yọ lónìí! Mo ti to gbogbo kẹ́ẹ̀gì wa sílẹ̀. Mi ò ní máa se omi ọmọ mọ́."

"Mítà ò parọ́!" Ohùn Gbohùngbohùn la ògiri kọjá. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, sà."

"Ìyẹn ni pé kò séwu," Ọ̀gá Àgbà dáhùn. "Ẹ ṣí i."

Inú bí Dókítà Omi. Ó bínú sí ohùn yẹn, ó bínú sí ara rẹ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ rán irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ó dìde.

"Madam, ẹ ń lọ ni?" olùkọ́ ní. "A ò tíì dé orí bí wọ́n ṣe ń mí."

"Mo ti ń mí kí ẹ tó dé, sà."

Kò kan ilẹ̀kùn ìpàdé. Àwọn ọkùnrin tó wà yí tábìlì ká gbójú sókè.

"Ẹ̀kọ́ ti parí ni?" Ọ̀gá Àgbà bi í.

"Ẹ má ṣí táǹkì yẹn, sà. Mítà ò parọ́, àmọ́ ẹnu ibi tí oògùn ti ń wọlé ni wọ́n gbé e sí. Mo bu omi ní ìpẹ̀kun, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò kún inú ẹ̀."

Gbohùngbohùn wúkọ́. "Ọ̀gá, ohun tí àbúrò mi ń gbìyànjú láti sọ ni pé …"

"Mi ò gbìyànjú. Mò ń sọ ọ́ ni. Mi ò sì tíì parí."

Ẹ gbọ́ ohun tí Ọ̀gá Àgbà ṣe. Ẹni tó yẹ omi wò dúró níwájú rẹ̀, ó wá kọjú sí Gbohùngbohùn: "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ ní kó sọ apá ibi tí ẹnu yẹn wà nínú táǹkì, sà," Dókítà Omi ní.

Gbohùngbohùn wo òkè, ó wo tábìlì, ó wá wo obìnrin náà. Dókítà Omi mọ ìwò yẹn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti máa ń sọ ìdáhùn sí i létí, kí iṣẹ́ ṣáà lè lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó káwọ́ gbera.

"Ó wà … nínú táǹkì," Gbohùngbohùn ní.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sáré sọ ọ́ di ikọ́.

"Ó dáa," Ọ̀gá Àgbà ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹ má tíì ṣí i. Kí wọ́n gbé mítà lọ sí ìpẹ̀kun. Madam, ẹ lè padà síbi ẹ̀kọ́ yín."

Dókítà Omi fa àga kan, ó jókòó. "Màá dúró níbí, sà."

Olùkọ́ ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, eyín rẹ̀ wà níta. "Ẹ rí i! Àárọ̀ yìí péré ni mo fi kọ́ wọn o!"

Lọ́sàn-án, fóònù Dókítà Omi dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ò mà yọ o! Wọ́n ní ẹnì kan ló sọ pé kí wọ́n má ṣí i. Òpònú wo nìyẹn?"

"Má bínú" ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Èmi ni," ó ní. "Jókòó kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ, kí o sì gbọ́ ọ parí."